Ta Ni Yóò Sìn Wọ́n Délé? Àgbéyẹ̀wò Ìwé Kan Lórí Àwọn Ọmọbìnrin Inú Omi

Ẹ̀yin olùkọ́ ilé-ìwé Ìjọ, àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń kọ́ ẹ̀kọ́ lọ́dọ̀ wọn, ìwé tí mo fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ lé lórí kì í ṣe ìwé àdúrà, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ìwé ìtàn àwọn ọba wa. Ìtàn àròsọ ni, a sì kọ ọ́ fún àwọn tí wọ́n ti kúrò ní ọmọdé ṣùgbọ́n tí wọn kò tíì di àgbà. Orúkọ rẹ̀ ni Skin of the Sea, èyí tí a lè túmọ̀ sí Awọ Òkun. Natasha Bowen ni ó kọ ọ́, obìnrin kan tí ìran rẹ̀ jẹ́ ti Yorùbá ní ìhà kan, tí ó sì jẹ́ ti àwọn ará Wales ní ìhà kejì, tí ó sì ń gbé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọdún 2021 ni ìwé náà jáde. Ní 2022 ni èkejì rẹ̀, Soul of the Deep, tẹ̀lé e.

Bóyá èmi kì bá tí ṣí ìwé náà rárá bí kì í bá ṣe ti ìbéèrè kan. Ọmọkùnrin kan wà nínú àwọn ọmọ ilé-ìwé wa ní Makun-Omi, tí omi gbé bàbá rẹ̀ lọ ní òru ọjọ́ kan tí ìjì dé bá ọkọ̀ wọn lórí ọ̀sà. A wá a títí, a kò rí i. Ẹ̀gbọ́n ọmọ náà tí ó ti Èkó wá ni ó yá a ní ìwé yìí. Nígbà tí ó kà á tán, ó tọ̀ mí wá lẹ́yìn ìsìn ìrọ̀lẹ́, ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, “Tíṣà, ẹ jọ̀wọ́, àwọn tí omi gbé lọ tí a kò rí òkú wọn, ta ni ń sìn wọ́n délé?” N kò lè dá a lóhùn lójú ẹsẹ̀. Mo ní kí ó fi ìwé náà sílẹ̀ fún mi ní ọ̀sẹ̀ kan, kí n kà á, kí n tó fọhùn. Ohun tí mo rí nínú rẹ̀ ni mo ń sọ fún yín yìí, èyí tí ó dára àti èyí tí ó kù díẹ̀ káàtó.

Báyìí ni ìtàn náà lọ. Ní ayé ìgbà tí ọkọ̀ àwọn òyìnbó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wá sí etíkun wa láti kó ènìyàn lẹ́rú, Yemọja fi odò rẹ̀ sílẹ̀, ó tẹ̀lé àwọn ọkọ̀ náà sínú òkun. Ó dá àwọn ọmọbìnrin inú omi sílẹ̀, tí òǹkọ̀wé ń pè ní Mami Wata, pé kí wọ́n máa gba ọkàn àwọn tí ó kú sínú òkun, kí wọ́n súre fún wọn, kí wọ́n sì sìn wọ́n padà sọ́dọ̀ Ẹlẹ́dàá wọn. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọbìnrin wọ̀nyí ni Simidele. Òun náà ti jẹ́ ènìyàn rí, a sì ti kó òun náà sínú ọkọ̀ ẹrú rí. Ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ ni ìrántí ayé rẹ̀ àtijọ́ ń yọ́ lọ kúrò lọ́kàn rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí iyọ̀ ti ń yọ́ nínú omi. Ní ọjọ́ kan a ju ẹnì kan sínú òkun láti inú ọkọ̀. Simi sáré tọ̀ ọ́ lọ láti gba ọkàn rẹ̀, ó sì bá a láàyè. Kọ́lá ni orúkọ ọmọkùnrin náà. Dípò kí ó dúró kí ó kú, ó gbé e, ó sì gbà á là.

Ibẹ̀ ni ìjàngbọ̀n ti bẹ̀rẹ̀. Àṣẹ ti wà láti òkè wá pé ọkàn àwọn òkú nìkan ni kí àwọn ọmọbìnrin omi máa kó, kí wọ́n má ṣe dí ikú lọ́wọ́. Nípa oore tí Simi ṣe, ó fi ara rẹ̀, àti Yemọja tí ó dá a, àti gbogbo àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sínú ewu. Nítorí náà ó ní láti gun òkè wá sórí ilẹ̀, kí ó fi ẹsẹ̀ ènìyàn rìn, kí ó wá ọ̀nà tí yóò fi dé iwájú Olódùmarè láti tọrọ ìdáríjì. Kọ́lá bá a lọ, nítorí pé òun pẹ̀lú ń wá ọ̀nà àtidé ilé láti dáàbò bo àwọn ìbejì tí í ṣe àbúrò rẹ̀. Ohun tí ó bá wọn lójú ọ̀nà pọ̀. N kì yóò sọ gbogbo rẹ̀ tán, kí n má ba adùn rẹ̀ jẹ́ fún ẹni tí yóò kà á.

Ohun àkọ́kọ́ tí mo yin òǹkọ̀wé yìí fún ni orúkọ tí ó fún ọmọbìnrin náà. Simidele: sìn mí délé. Kò sí ọmọ Yorùbá tí yóò gbọ́ orúkọ yìí tí kò ní mọ ìwúwo rẹ̀. Ẹni tí a fẹ́ràn ni a ń sìn. Àlejò tí a bọlá fún ni a ń sìn sọ́nà. Láyé àtijọ́, ẹni tí ó bá kú sínú omi, etí omi náà ni a ń sin ín sí. A kì í gbé e wọ ìlú, bẹ́ẹ̀ ni a kì í sin ín sí ilé baba rẹ̀ bí a ti ń sin àwọn òkú mìíràn. Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ ọmọ etí omi mọ ohun tí mo ń wí. Olóògbé náà kò padà dé ilé, ìbànújẹ́ àwọn ènìyàn rẹ̀ kò sì rí ibi jókòó sí. Nígbà náà ni òǹkọ̀wé yìí mú ọmọbìnrin kan wá, ó fi iṣẹ́ sìn-mí-délé lé e lọ́wọ́, ó sì fi ṣe orúkọ rẹ̀. Èyí kì í ṣe ọ̀ṣọ́ lásán. Lórí orúkọ yìí ni gbogbo ilé ìtàn náà dúró.

Ẹ jẹ́ kí a wo iye àwọn tí iṣẹ́ náà kàn. Àwọn onímọ̀ tí wọ́n ti ka ìwé àkọsílẹ̀ àwọn ọkọ̀ ẹrú ṣírò rẹ̀ pé nǹkan bí mílíọ̀nù 12 àti ààbọ̀ ènìyàn ni a kó wọ ọkọ̀ ní etíkun Áfíríkà láàárín àwọn ọdún òwò náà, àti pé nǹkan bí mílíọ̀nù 10.7 ni ó gúnlẹ̀ láàyè ní òdìkejì. Àwọn tí ó ṣẹ́kù, tí wọ́n sún mọ́ mílíọ̀nù méjì, inú òkun ni wọ́n wà. Ní ọdún 1781, àwọn atukọ̀ ọkọ̀ kan tí à ń pè ní Zong ju ẹrú tí ó lé ní 130 sínú òkun láàyè, àwọn olówó ọkọ̀ náà sì lọ béèrè owó ìdójútófò lórí wọn bí ẹni pé ẹrù ọjà ni wọ́n. A lè kọ́ àwọn ọmọ wa ní iye wọ̀nyí nínú ẹ̀kọ́ ìtàn, kí wọ́n há a sórí, kí wọ́n sì gbàgbé rẹ̀ lẹ́yìn ìdánwò. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ó bá ti ka ibi tí Simi ti ń lúwẹ̀ẹ́ yí ọkọ̀ ká pẹ̀lú àwọn ẹja ekurá, tí ó ń dúró de ẹni tí a óò jù sísàlẹ̀, kò ní gbàgbé. Iṣẹ́ tí ìtàn àròsọ lè ṣe tí ìṣirò kò lè ṣe nìyẹn.

Àwọn olùkọ́ kan yóò wí pé, “Ṣebí ìtàn ọmọbìnrin omi ti àwọn òyìnbó ni ó kùn ní dúdú yìí?” Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ọkùnrin ará Denmark nì, Hans Christian Andersen, tẹ ìtàn tirẹ̀ jáde ní ọdún 1837, òun náà sì jẹ́ ìtàn tí ó dára. Ọmọbìnrin omi ti Andersen gba ọmọ ọba kan là lọ́wọ́ rírì ọkọ̀, gẹ́gẹ́ bí Simi ti gba Kọ́lá là. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìyàtọ̀ náà dáadáa. Nínú ìtàn Andersen, àwọn ará inú omi a máa gbé ayé fún ọ̀ọ́dúnrún ọdún, lẹ́yìn náà wọn a sì di ìfófòó lórí omi, nítorí pé wọn kò ní ọkàn tí kì í kú; ohun tí ọmọbìnrin náà sì ń wá ju ohun gbogbo lọ ni irú ọkàn bẹ́ẹ̀. Nínú ìwé Bowen, ọmọbìnrin omi kò wá ọkàn fún ara rẹ̀. Ọkàn àwọn ẹlòmíràn ni ó ń gbé lọ́wọ́. Ẹni ti Andersen fi ohùn rẹ̀ tọrẹ kí ó lè di ènìyàn; ẹni ti Bowen ti jẹ́ ènìyàn tẹ́lẹ̀, àwọn ènìyàn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n sì sọ ọ́ di ẹrù. Ìbéèrè Andersen ni pé, báwo ni ẹ̀dá omi yóò ti ṣe di ènìyàn? Ìbéèrè Bowen ni pé, kí ni ènìyàn ti ṣe sí ènìyàn tí omi fi ní láti ṣàánú rẹ̀? Ìbéèrè kejì yìí, tiwa ni.

Nísinsìnyí mo dé orí ọ̀ràn tí àwọn ará etí omi yóò kọ́kọ́ bá òǹkọ̀wé náà jà lé lórí. Ní ilẹ̀ wa, Yemọja kì í ṣe òrìṣà òkun. Odò Ògùn ni tirẹ̀, lọ́dọ̀ àwọn ará Abẹ́òkúta àti àwọn ará òkè odò náà; Olókun ni ó ni òkun, orúkọ rẹ̀ pàápàá sì jẹ́rìí sí i. Àwọn tí a kó lẹ́rú lọ sí Brazil àti Cuba ni wọ́n gbé Yemọja wọ inú òkun: títí di òní, ní ọjọ́ kejì oṣù Èrèlé, ẹgbàágbèje ènìyàn a máa jáde sí etíkun ní Salvador ní Brazil láti fi òdòdó ta á lọ́rẹ. Ṣé àṣìṣe ni òǹkọ̀wé ṣe nígbà náà? Mo rò ó fún ọjọ́ mélòó kan, mo sì dá a láre. Kò sọ fún wa pé òkun ni ilé Yemọja láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Ó sọ pé ó fi odò sílẹ̀ nítorí àwọn ọmọ rẹ̀ tí a kó lọ. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí ẹ̀sìn náà ní ti gidi ni ó sọ di ìtàn: ìyá kò lè jókòó sí ilé nígbà tí a kó ọmọ lọ. Ó sì fi Olókun sí ipò rẹ̀ ní ìsàlẹ̀ omi, a kò gbàgbé rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ní ti orúkọ náà Mami Wata, n kò lè dá a láre bẹ́ẹ̀. Orúkọ yìí jẹ́ ti èdè Gẹ̀ẹ́sì àdàlù tí àwọn oníṣòwò etíkun ń sọ. Ọ̀jọ̀gbọ́n Henry John Drewal, ẹni tí ó ti ṣe ìwádìí púpọ̀ lórí ọ̀ràn yìí, fi hàn pé àwòrán tí gbogbo ayé mọ̀ sí Mami Wata, obìnrin onírun gígùn tí ejò lọ́ mọ́ lára, àwòrán obìnrin kan tí ń fi ejò ṣeré fún àwọn òǹwòran ni, tí a tẹ̀ ní ìlú Hamburg nílẹ̀ Jámánì láàárín ọdún 1880 sí 1890, tí ó sì bá ọkọ̀ dé etíkun wa. Ní ọdún 1955, a tún tẹ ẹ̀dà 12,000 rẹ̀ ní Bombay ní ilẹ̀ Íńdíà. Àwọn baba wa ti ń sọ̀rọ̀ àwọn ará inú omi tipẹ́ kí àwòrán yìí tó dé. Nígbà tí òǹkọ̀wé bá wá fi orúkọ tí ó dé lẹ́yìn sí ẹnu àwọn tí ó gbé ayé ṣáájú, etí mi a máa gbọ́ ọ bí agogo tí ó sán. Ìbá ti wá orúkọ Yorùbá fún wọn. Ìwé tí gbogbo rẹ̀ dá lórí orúkọ àti ìrántí kò yẹ kí ó ya orúkọ lò.

Àléébù kejì ni ìkánjú. Ní ojú ọ̀nà àwọn méjì yìí, a óò pàdé àwọn yumbo ti àwọn ará Wolof, àti bultungin ti àwọn Kanuri, ẹni tí í máa di ìkookò, àti Ninki Nanka tí àwọn ará Gambia ń bẹ̀rù. Ó dára kí ọmọ Yorùbá mọ̀ pé àwọn aládùúgbò wa ní ààlọ́ tiwọn. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn kọjá bí èrò ọjà; a kò jókòó ti ẹnikẹ́ni nínú wọn pẹ́ tó kí a tó dìde. Ọbẹ̀ tí a kó ẹran púpọ̀ sí lè dùn, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń jẹ ẹ́ kò ní mọ adùn èwo ni èwo.

Àléébù kẹta ni ó wúwo jù lọ, ẹnu mi sì wúwo láti sọ ọ́, nítorí pé àwa náà ní ọwọ́ nínú rẹ̀. Èṣù ni ọ̀tá nínú ìwé yìí: ẹlẹ́tàn ni, agbára ni ó ń lé, kò sì bìkítà fún ẹni tí ó bá kú. Ẹni tí ó bá mọ ohun tí àwọn baba wa sọ nípa Èṣù mọ̀ pé èyí kò pé. Ìránṣẹ́ ni wọ́n pè é, olùgbé oríta, ẹni tí ń ru ẹbọ lọ sí ibi tí ó yẹ, tí ó sì ń yọ ẹni tí ó kọ ẹbọ lẹ́nu. Ó le, ó sì máa ń dá ìjà sílẹ̀. Ṣùgbọ́n wọn kò fi í ṣe olórí ohun búburú gbogbo. Níbo ni èrò yìí ti wá? Nígbà tí Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń túmọ̀ Bíbélì, tí odindi rẹ̀ parí ní ọdún 1884, orúkọ Èṣù ni a fi pe ẹni ibi nì tí ó dán Olúwa wa wò ní aginjù. Láti ìgbà náà, gbogbo ọmọ ilé-ìwé Ìjọ ni a ti kọ́ bẹ́ẹ̀. Èmi kò wí pé kí ẹnikẹ́ni padà lọ bọ Èṣù. Ẹ mọ ibi tí mo dúró sí. Ohun tí mo ń wí ni pé òfin kẹsàn-án, tí ó kọ̀ fún wa láti jẹ́rìí èké sí ọmọnìkejì wa, kan ohun tí a ń sọ nípa ìgbàgbọ́ àwọn baba wa pẹ̀lú. Òǹkọ̀wé tí ó fẹ́ fi ìwé rẹ̀ bu ọlá fún ìgbàgbọ́ àtijọ́ bọ́ sínú ìhò tí àwa gbẹ́. Bí a bá fẹ́ bá a wí, kí a kọ́kọ́ bá ara wa wí.

Ó wá ku ọ̀ràn tí àwọn òbí yóò béèrè: ǹjẹ́ ó tọ́ kí ọmọ Kristiẹni ka ìwé tí ó kún fún òrìṣà? Ìdáhùn mi ni pé kí a wo ibi tí ọkàn ìtàn náà wà. Ọkàn rẹ̀ wà ní ìṣẹ́jú kan náà tí Simi rí ẹni tí ó wà láàyè nínú omi, tí òfin sì sọ pé kí ó fi í sílẹ̀. Ìbéèrè yìí kì í ṣe àjèjì sí wa. Olúwa wa bi àwọn Farisí ní ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ nípa màlúù tí ó bá ṣubú sínú kànga ní ọjọ́ ìsinmi. Wọn kò sì rí èsì fọ̀ fún un. Mo rò pé òǹkọ̀wé náà mọ èsì rẹ̀, nítorí pé kò jẹ́ kí Simi kábàámọ̀ pé ó gba Kọ́lá là, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ohun tí yóò san lé e lórí pọ̀.

Ẹ sì rántí pé Ìjọ wa pàápàá ní irú Kọ́lá bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1821 ni a kó Àjàyí, ọmọdékùnrin kan, ní ìlú rẹ̀ Òṣogùn. A tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi dé Èkó. Ní oṣù Igbe ọdún 1822 ni ó sì wà nínú ọkọ̀ ẹrú àwọn Potogí nígbà tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì kan, Myrmidon, gbà wọ́n sílẹ̀. Òun tìkára rẹ̀ kọ ọ́ lẹ́yìn náà pé nígbà tí wọ́n gbé àwọn ọmọ sínú ọkọ̀ ogun náà, tí wọ́n rí ẹran ẹlẹ́dẹ̀ tí a so kọ́, wọ́n rò pé ẹran ara ènìyàn ni, pé àwọn olùgbàlà wọn fẹ́ jẹ wọ́n. Ẹni tí a ti fi ìyà jẹ tó bẹ́ẹ̀ kì í tètè dá ọwọ́ tí ń gbà á là mọ̀. Bowen mọ èyí: Kọ́lá kò kọ́kọ́ mọ̀ bóyá àánú ni Simi tàbí ikú ní aṣọ mìíràn. Bí ọkọ̀ Myrmidon kò bá kọjá ní ọjọ́ náà, a kì bá tí ní Bíbélì yìí láti ọwọ́ rẹ̀. Àwọn mélòó ni ó wà nínú àwọn tí ó sún mọ́ mílíọ̀nù méjì nì tí ìbá ti ṣe iṣẹ́ tí ó tó bẹ́ẹ̀ fún wa? Ìwé yìí ń mú kí ènìyàn bi ara rẹ̀ léèrè, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ náà pé, mo dá ìwé padà fún ọmọkùnrin náà. Mo sọ fún un pé ìtàn tí ó kà jẹ́ àròsọ, ẹni tí ó kọ ọ́ pàápàá kò pè é ní ohun mìíràn. Ṣùgbọ́n ìfẹ́ tí ó mú un kọ ọ́ jẹ́ òtítọ́. Mo ṣí ìwé Ìfihàn fún un, níbi tí a ti sọ pé òkun pẹ̀lú yóò jọ̀wọ́ àwọn òkú tí ó wà nínú rẹ̀, mo sì ní kí ó kà á fúnra rẹ̀. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn náà ni ó béèrè bóyá a lè pe orúkọ bàbá òun nígbà ìsìn ìrántí àwọn olóògbé, bí a kò tilẹ̀ rí òkú rẹ̀ sin. A pè é. Mo rí ìyá rẹ̀ tí ó ń sunkún, èyí tí n kò tíì rí kí ó ṣe ní gbangba láti ọjọ́ tí ọ̀ràn náà ti ṣẹlẹ̀.

Ìmọ̀ràn mi fún ẹ̀yin olùkọ́ ni pé kí ẹ má ṣe fi ìwé yìí pamọ́ fún àwọn ọmọ, kí ẹ má sì ṣe fi wọ́n sílẹ̀ kí wọ́n dá a kà. Ẹ bá wọn kà á. Níbi tí ó bá ti sọ̀rọ̀ Yemọja nínú òkun, ẹ sọ fún wọn bí ó ti dé ibẹ̀. Níbi tí ó bá ti sọ̀rọ̀ Èṣù, ẹ jẹ́wọ́ ipa tiwa. Níbi tí Simi bá ti na ọwọ́ sí ọmọ tí ó ń rì, ẹ dákẹ́ díẹ̀, kí ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ náà sọ ohun tí àwọn ìbá ṣe. Gẹ̀ẹ́sì ni a fi kọ ọ́, ohun tí ó sì ń dùn mí nìyẹn. Bí ẹnì kan nínú ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ń ka èyí bá fẹ́ láti kọ irú rẹ̀ ní èdè wa, kí ó fi orúkọ tí àwọn baba wa fi pe àwọn ará inú omi pè wọ́n, àwa tí a wà ní etí ọ̀sà yóò kà á, a ó sì tún un kà.